Àrùn Iṣu Tí A Fi Ṣúgà Bọ́

Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo fi ń bọ́ àrùn. Bí ọmọ ọmọ mi ṣe ròyìn mi nìyẹn nílé ìwé, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí oníkálukú sọ iṣẹ́ tí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "My grandma dey give sickness food." Olùkọ́ rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ń fi ọgbọ́n wádìí bóyá gbogbo wa wà dáadáa nínú ilé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo wá sọ fún un pé ọmọ náà kò purọ́. Àrùn iṣu ni mo ń bọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó lọ rò ó bọ̀ nípa iṣẹ́ tí ẹ máa dì mú, ẹ fún mi láyè kí n sọ tèmi.

Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, Ràfátù ni orúkọ mi. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni ọkọ mi, ìjọba ló sì gbé e lọ sí Port Harcourt ní 1999, èmi náà di ẹrù mi tẹ̀lé e. A gba ilé sí Mgbuoba. Mo ti kàwé iṣẹ́ láàbù, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹnìkan sí láàbù tí wọ́n ti ń yẹ àrùn irè oko wò. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ẹni tó bá ń wá owó kò ní bá wa dúró níbẹ̀ títí di ọ̀sán.

Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ni Dókítà Àjàyí, obìnrin Ìjẹ̀ṣà, gíga, tínrín, tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó di ọ̀sán. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé fún mi ni pé kí n bó ànàmọ́. Mo rò pé ilé ìdáná ni wọ́n gbà mí sí. Mo bó o, mo sè é, mo sẹ́ omi rẹ̀, ó ní kí n da ṣúgà sí i, ká wá bu lúbúlúbú kan tí wọ́n fi ewéko inú òkun ṣe lé e, èyí tó máa ń jẹ́ kó dì bí ẹ̀kọ. A dà á sínú àwọn àwo pẹlẹbẹ tó ní ìdérí. Oúnjẹ àrùn nìyẹn. Ọjà Creek Road ni mo ti máa ń ra ànàmọ́ náà, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì gbà pé búkà ni mo ní. Ẹnìkan tiẹ̀ bi mí léèrè ibi tí búkà náà wà, kí òun lè wá jẹun.

Àrùn tí à ń bọ́ yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń pè ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìbátan irun funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bàjẹ́. Tiwa, ewùrà ló ń bá jà. Ewé á kọ́kọ́ ní àmì dúdú tíntìntín, àmì á fẹjú, kó sì tó pẹ́, gbogbo ìtàkùn á dúdú bí ẹni pé iná rà á. Nínú àwo, á hu irun eérú bíi irùngbọ̀n arúgbó. Nítorí náà làwọn tí mo bá ní láàbù ṣe ń pè é ní Biabia, torí irùngbọ̀n ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Pidgin.

Ẹ ò rí i, Dókítà Àjàyí le. Tí a bá ṣí àwo, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí atẹ́gùn ẹnu kún fún oríṣiríṣi ohun tó lè hù síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo ṣí àwo, ó wọlé, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ó dúró. "Ràfátù, ta lo kí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"O kí mi, o sì kí àwo. Dà á nù."

Kì í ṣe ọ̀kan yẹn nìkan ni mo dà nù, gbogbo èyí tó wà lórí tábìlì ni. Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé obìnrin yẹn kò ní àánú, ó ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n máa ta aṣọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ló mú mi padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Títí di òní, tí mo bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀, n kì í sọ̀rọ̀, ọkọ mi á sì máa bi mí pé kí lòun ṣe.

Òfin rẹ̀ tó ga jù ni pé Biabia kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nídìí ṣúgà. Tí a bá ti gbé e láti àwo kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mélòó kan, a gbọ́dọ̀ mú un padà sórí ewé ewùrà tó ń dàgbà nínú àgọ́ tí a kọ́ sẹ́yìn láàbù, kó jà fún oúnjẹ rẹ̀, ká tó tún yọ ọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún lórí ibùsùn, kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kú."

Lọ́jọ́ kan ló fà mí jókòó sí ìdí máíkírósíkóòpù. Èyí àtijọ́ ni, a máa ń yí dígí abẹ́ rẹ̀ sí ojú fèrèsé kí oòrùn lè wọ inú rẹ̀, tí òjò bá sì ṣú, iṣẹ́ parí nìyẹn. Mo rí hóró Biabia kan lórí awọ ewé. Ó yọ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń táràrà kiri. Nígbà tó yá, ó dúró. Orí okùn náà wú, ó dúdú, ó lẹ̀ mọ́ ewé bí àtàǹpàkò tí wọ́n fi tẹ ìwé, ó sì ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí awọ ewé fi lu.

Mo ní, "Mà, báwo ló ṣe mọ̀ pé ewé ni òun dé?"

Ó wò mí. Àfi bíi pé ó ti ń retí ìbéèrè yẹn látọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó tì mí. Ó ní ara òde rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ le, pé ó sì ń dán bí ewé. Ara òde á ránṣẹ́ sí ẹni tó wà nínú, onítọ̀hún á ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa jíṣẹ́ fún ara wọn títí tó fi dé yàrá tí jíìnì wà. Jíìnì ni àṣẹ tí ohun abẹ̀mí kọ̀ọ̀kan jogún lọ́dọ̀ àwọn tó bí i. Tí iṣẹ́ náà bá dé, àṣẹ kan á jí, á ní kó wú orí, òmíràn á ní kó pọ májèlé. Ó ní, "Tí ẹnì kan ṣoṣo bá sùn nínú àwọn ìránṣẹ́ yẹn, Biabia ò ní kú o. Á máa hu irun rẹ̀ nínú ṣúgà, á máa dára lójú. Ṣùgbọ́n kò ní lè ṣe ewé ní nǹkan kan. Iṣẹ́ tiwa ni ká mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ká sì mọ èyí tí a lè kùn lóorun kó má lè jíṣẹ́ mọ́." Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tó mọ̀ pé mo ti rí iṣẹ́ tí mo máa ṣe kú.

Mo ṣe àárò ìgbà yẹn. Òórùn ànàmọ́ tó ń hó, ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, òjò Port Harcourt tí kì í bèèrè kó tó rọ̀. Tó bá di ọ̀sán, ọ̀kan nínú wa á lọ ra bọ̀lì àti ẹja yíyan ní ìdí ọ̀nà, Dókítà á sì máa fi ìka lá epo rẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan lo lè bá a ṣàwàdà. Mo máa ń bi í pé ṣé wọ́n ń jẹ irú èyí ní Iléṣà, á ní ohun tí wọ́n ń jẹ ní Iléṣà kò kan ọmọ Ọ̀ffà.

Ó wá di ọdún kan tí ìjì jà. Ìjì náà ká òrùlé àgọ́ wa lọ, gbogbo ewùrà tó wà níbẹ̀ ló kú. A ò tíì nu omi ojú nù tí iná fi lọ, kò sì tètè padà, jẹnẹrétọ̀ náà dákú, Biabia tí a tọ́jú sínú fíríìjì sì bàjẹ́ tán. Èyí tó wà nínú àwo lórí tábìlì nìkan ló kù. Kò sí ewé tí a lè mú un padà sí. Kó má baà kú, a ń gbé e láti orí ṣúgà bọ́ sórí ṣúgà, oṣù gorí oṣù.

Nígbà tí wọ́n tún àgọ́ kọ́ tán, àwọn onímọ̀ tó máa ń mú iṣu méjì pọ̀ láti bí oríṣi tuntun fi ewùrà kan ránṣẹ́ sí wa pé ká dán an wò. Ó yẹ ká gbin ewùrà àtijọ́ tó máa ń ṣàìsàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ká fi wé e. Ṣùgbọ́n èyí tí a ní ti kú sínú ìjì, ìgbà òjò sì ti ń kanlẹ̀kùn. Àwọn obìnrin àgbẹ̀ kan wà ní abúlé ẹ̀yìn ìlú tí àrùn yìí ti fìyà jẹ títí, wọ́n ń wá bẹ Dókítà lójoojúmọ́. Olórí wọn ni Mama Ovunda, ará Ikwerre tó ń gbé Rumuigbo, tí oko rẹ̀ sì wà lábúlé náà, obìnrin tó sanra, tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Dókítà ní ká fín Biabia sí ewùrà tuntun yẹn lára. A fín in. A dúró. Àmì ẹyọ kan kò yọ.

Dókítà Àjàyí rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó dì mọ́ mi. Mo rántí ìdùnnú yẹn, ó sì ń dùn mí pé mo rántí rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Àwọn obìnrin yẹn ń jó wọlé láti gba èbù iṣu tuntun náà. Mama Ovunda ní ewùrà kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó ti ń gbìn láti ìgbà tó ti wà ní ọmọdébìnrin. Àrùn máa ń dà á láàmú o, àmọ́ iṣu kékeré aládùn ni. Nítorí tiwa, kò gbin ìkankan nínú rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó sè é, ó pín in fún àwọn ará ilé, ó ní ayé tuntun dé.

Nígbà tí òjò wá rọ̀ dáadáa, ó ránṣẹ́ pè wá. A dé oko. Gbogbo ìtàkùn dúdú láti òkè délẹ̀. Mama Ovunda dúró láàárín oko, kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Doctor, na this be the yam wey sickness no fit touch?"

Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan, ó wò ó. Ó fi í sínú báàgì rẹ̀.

A padà sí láàbù. Ó mú Biabia oko àti Biabia inú àwo, ó fi wọ́n sórí awọ ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó ṣe, ó yẹ̀ fún mi, ó ní, "Ràfátù, wá wò ó." Ti oko dúró, ó wú orí, ó ń tẹ̀. Tiwa yọ okùn gígùn rẹpẹtẹ, ó ń rìn gbéregbère lórí ewé bí ẹni tó ṣi ilé mọ̀, kò dúró níbì kankan. Kì í ṣe pé iṣu yẹn lágbára rárá. Àrùn wa ló ti gbàgbé ìjà.

Dókítà ní, "Òfin tí mo fi lé yín lórí, èmi ni mo rú u." Ó jókòó sórí àga tí ó máa ń fi kọ́ wa níṣẹ́, ó bo ojú.

Ọ̀gá àgbà kan ní ilé iṣẹ́ wa gbọ́, ó pè é. Ó ní kó sọ pé àwọn obìnrin yẹn ló da èbù iṣu tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́, pé ọ̀rọ̀ á sì rọlẹ̀. Dókítà ní, "Ẹ̀yin sà, ẹyin lohùn. Tiwa ti fọ́, n ò ní í kó èèpo rẹ̀ sílé onílé." Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí dírẹ́bà gbé wa lọ sóko.

Àwọn obìnrin náà jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Ó dúró níwájú wọn nínú oòrùn. Ó ní, "The sickness wey I take test this yam, I don give am sugar tire. E don lazy. The one wey dey una farm no lazy. Na me do am. No be una."

 Mama Ovunda ń wo ilẹ̀. Ó ní, "My mama yam don finish." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń túfọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Doctor, I don hear you. But make una no come pluck leaf for my farm again."

Ẹ̀yin tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yìí lẹ máa ṣe ni ẹ máa mọ bó ṣe dùn wá tó. Ewé tó ń ṣàìsàn ni ìṣúra tiwa, oko rẹ̀ la sì ti ń rí èyí tó le jù. Ká tilẹ̀ yọ ti ewé kúrò, Dókítà fẹ́ràn obìnrin yẹn. Ọdọọdún ni a ń wá ewé lọ sí oko ẹlòmíràn, tí ọkọ̀ bá sì ń kọjá lẹ́bàá oko Mama Ovunda, Dókítà á yí ojú sí fèrèsé kejì. A wá ewùrà ìyá rẹ̀ yẹn kiri oko àwọn ará ibẹ̀, ká lè dá a padà fún un. A ò rí i. Bí Dókítà ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn, tó padà sí Iléṣà, ọ̀rọ̀ náà sì bá a lọ.

Tamuno ló gba ipò rẹ̀, ọmọ Okrika tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá di dókítà. Ìgbà ti yí. Ẹ̀rọ kan dé tó máa ń ṣe ẹ̀dà jíìnì, àwa sì sọ ọ́ ní Fótókópì. Máíkírósíkóòpù tuntun ní iná tirẹ̀, ó sì ń ya àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, n kò yí dígí sí oòrùn mọ́. Àgọ́ wa pàápàá rí tirẹ̀, nítorí ìgbà kan dé tí èérí dúdú èéfín epo tí wọ́n ń sè nínú igbó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run Port Harcourt, tí mo ń fi òwú nu ewé kọ̀ọ̀kan kí n tó lè mọ èyí tó jẹ́ àmì àrùn. Ẹ̀rọ wọ̀nyí dára, n kò ní ṣe bí arúgbó tó ń bú ohun tuntun. Ṣùgbọ́n ariwo wọn pọ̀, kò sì sẹ́ni tó tún ń ní kí n dákẹ́.

Tamuno tọ́jú Biabia àwo ọjọ́sí. Ó fi jíìnì rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun kí wọ́n kà á, wọ́n ka ti oko náà, ó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà ó ń fi wọ́n wéra. Lọ́jọ́ kan ló pè mí. Ó fi ìka hàn mí. Nínú gbogbo ìránṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ láti ara òde lọ sínú, ọ̀kan wà tí jíìnì rẹ̀ ti bàjẹ́ nídìí ṣúgà. Ara òde ń ké pé a ti dé orí ewé, kò sẹ́ni tó gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé. Mo pe Dókítà ní Iléṣà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ ti rí ẹni tó sùn. Ṣé ẹ ti rí ohun tí a máa fún Mama Ovunda?"

A ò tíì rí i nígbà yẹn. Oríṣi ewùrà mìíràn dé, a dán an wò pẹ̀lú Biabia tó wá tààrà láti oko, ewùrà àtijọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ṣe é, a tún un ṣe fún ọdún bíi mélòó kan, a ò sì polongo nǹkan kan. Ti àtijọ́ ń kú. Èyí ń ní àmì dúdú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàkùn rẹ̀ kì í kú, iṣu rẹ̀ sì ń ta. Ọdún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì ni Tamuno ní kí ẹnìkan lọ bá Mama Ovunda. Gbogbo wọn wo ojú mi.

Mo gbé ìtàkùn kan tó wà nínú ìkòkò lọ, pẹ̀lú àmì dúdú lára rẹ̀. N kò já ewé tó burú kúrò. Mo bá a lóko, ó ti rù, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, àmọ́ ohùn yẹn ṣì wà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo gbé ìkòkò náà sílẹ̀. Ó yí ewé kan padà, ó fi èékánná họ ọ́.

"E get spot."

Mo ní, "E get, Mama. Sickness dey touch am. But e no dey kill am."

"You see say e get spot, you still carry am come meet me?"

"Na so e be, Mama. I no fit hide am."

Ó wo ewé náà pẹ́. Mo rò pé ó máa ní kí n gbé e padà. Ó wá ní, "The first one wey una bring, nothing dey im body. E fine pass wedding cloth." Ó fi ọ̀pá fa ìkòkò náà sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀. "This one, I fit believe am."

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní kí n dúró. Ó rìn lọ sí ìdí ìtàkùn ewùrà tirẹ̀, ó yan ewé tó dúdú jù lọ, ó já a, ó fi í lé mi lọ́wọ́. A kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ àná tán, ṣùgbọ́n bí a kò bá gbàgbé díẹ̀ nínú rẹ̀, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.

Ó ní, "Carry am go give una people, make una test the yam well. This one never taste sugar before."

Etí títì ni mo ti pe Dókítà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe jẹ́, títí kan ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. 

Ó wá ní, "Ràfátù, tún un sọ."

Mo tún un sọ.